Owó Kòkó: Bí Owó Ńlá Ṣe Wọ Òṣèlú Wa

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ wo Lagere n'Ílé-Ifẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí fìlà, agboorùn àti ike ìrẹsì tí àwòrán olùdíje wà lára wọn, tí kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú ló sanwó wọn. Ẹgbẹ́ "ọ̀rẹ́" ni, tàbí ẹgbẹ́ "ọmọ rere". Àwọn kan á ní Amẹ́ríkà la ti kọ́ ọ. Irọ́ ni. Ọdún 2010 ni Super PAC wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń kówó jọ láti fi ti olùdíje lẹ́yìn, yọjú, lẹ́yìn ẹjọ́ Citizens United tó gba iléeṣẹ́ láyè láti náwó bó bá ṣe wù ú lórí ìbò, bí kò bá ti gbìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú olùdíje. Tiwa ti dàgbà ju ìyẹn lọ, kòkó ló sì bí i.

London ni Awólọ́wọ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ lọ́dún 1945. Ní June 1948, wọ́n wá fi lọ́lẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀, Sir Adéyẹmọ Alákijà sì di ààrẹ. Ẹgbẹ́ àṣà ni, wọ́n ní kì í ṣe ti òṣèlú. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group fi jáde lára rẹ̀, l'Ọ́wọ̀, ní April 1951.

Àmọ́ owó àpò àwọn lọ́yà àti oníṣòwò kò lè gbé ẹgbẹ́ tó fẹ́ jà dé òkè Ọya. Nígbà ìbò 1959, hẹlikópítà ni Awólọ́wọ̀ ń gbé kiri Àríwá, bàálù sì ń fi èéfín kọ̀wé sójú ọ̀run fún ẹgbẹ́ náà. Níbo lowó yẹn ti wá?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí oko Ifẹ́tẹ̀dó. Àgbẹ̀ á sá kòkó títí á fi gbẹ, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á fọ̀bẹ la horo díẹ̀, á dá a sí gírédì, wọ́n á wá wọ̀n ọ́n. Kò sí ìdúnàádúrà: Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó, ti dá iye tí wọ́n máa san kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí London bá san lé e, Board á fi pa mọ́, wọ́n ní nítorí ọjọ́ tí ọjà bá já ni. Inú ìkòkò yẹn ni wọ́n ti ń yá iléeṣẹ́ kan lówó, ìyẹn National Investment and Properties Company. Májà, Gbàdàmọ́sí, Rewane àti Ṣónibárẹ́ ni olùdarí rẹ̀, èèkàn sì ni wọ́n nínú Action Group.

Lọ́dún 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Coker ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́ùn ti inú àpò Board gba ọwọ́ iléeṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Àwọn alátakò Awólọ́wọ̀ tó ń ṣèjọba àpapọ̀ ló gbé ìgbìmọ̀ náà dìde, ó dá Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, láre, ó sì di ẹ̀bi ru Awólọ́wọ̀. Kẹ́ni tó bá ń kà á má gbàgbé ìyẹn. NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú Azikiwe, náà kò mọ́: ọdún 1956 ni ìgbìmọ̀ Foster-Sutton ti ń wádìí owó ìjọba Ìlà-Oòrùn tó wọ báńkì Azikiwe.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Iléṣà. NCNC lẹsẹ̀ gidi níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni Fadahunsi, tó di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1963, ti wá. Bí ohun tí Coker rí bá jóòótọ́, àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó dìbò fún NCNC ló ń fi kòkó rẹ̀ rọ epo sí hẹlikópítà ẹgbẹ́ kejì. Ta ló bi í léèrè?

Lọ́dún 1990, òfin iléeṣẹ́ ní kò gbọdọ̀ sí iléeṣẹ́ tó ń fún ẹgbẹ́ òṣèlú lówó. Lọ́dún 2003, àwọn oníṣòwò ńlá tó pera wọn ní "Corporate Nigeria" dá bíi bílíọ̀nù 2 náírà jọ fún Ọbásanjọ́. Ní December 2014, PDP kó bílíọ̀nù 21 jọ lálẹ́ ọjọ́ kan l'Ábújà. Wọn ò pe orúkọ iléeṣẹ́ epo kankan. "Ẹ̀ka epo àti gáàsì" ló dá bílíọ̀nù 5.

Òfin ìdìbò 2022 fi bílíọ̀nù 1 náírà ṣe òté ìnáwó fún olùdíje gómìnà, àti mílíọ̀nù 50 fún ẹni tó bá fẹ́ tọrẹ. Ti 1990 ló tẹ́ mi lọ́rùn jù nínú méjèèjì: ó ní kí ọ̀gá iléeṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ nínú irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ dá owó náà padà láti inú àpò ara rẹ̀. Ohun tí àgbẹ̀ Ifẹ́tẹ̀dó ì bá béèrè náà nìyẹn lọ́dún 1962.