Iyọ̀ Kọ́ Ló Ń Sọ Omi Di Ọ̀sà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ra ilẹ̀ sẹ́bàá omi ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ máa ń bi èmi tí mo ń fi wíwọn ìjìn omi jẹun: ṣé odò ni omi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ àwọn, àbí ọ̀sà? Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti bu omi náà tọ́ wò kí wọ́n tó pè mí. Lójú tiwọn, bó bá níyọ̀, ọ̀sà ni. Bí kò bá níyọ̀, odò ni. Òṣùwọ̀n yẹn kò péye.

Omi tí à ń pè ní ọ̀sà ni èyí tí kò jìn, tó tẹ́ rẹrẹ sí ẹ̀bá òkun, tí ilẹ̀ yanrìn tóóró kan là láàárín òun àti òkun, ṣùgbọ́n tó ṣì ní ẹnu tó fi ń bá òkun pàdé, ì báà jẹ́ pé ẹnu náà ń dí lẹ́ẹ̀rùn tó sì ń là lójò. Adágún kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Odò ní tirẹ̀ máa ń ti òkè wá dojú kọ òkun, nígbà tí ọ̀sà sábà máa ń nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun. Ní àwọn erékùṣù bíi Maldives, àpáta iyùn ló ń ṣe iṣẹ́ tí yanrìn ń ṣe lọ́dọ̀ wa.

Àwọn Potogí ló sọ Èkó ní Lagos, adágún sì ni ọ̀rọ̀ yẹn lédè wọn. Àwọn baba wa tí wọ́n ya Ọlọ́sà sọ́tọ̀ kúrò lára Olókun fi ojú tó mú jù bẹ́ẹ̀ lọ wo omi náà.

Ìgbì òkun wa kì í kọlu etíkun lójúkojú. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá, ó sì ń wọ́ yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Yanrìn yìí ló kó ara jọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tó fi di ilẹ̀ tóóró tó dí ọ̀sà mọ́ inú. Bí ẹ bá ń kọjá lórí afárá Third Mainland, ẹ wo ẹni tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀: ọ̀pá rẹ̀ ń kan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ etídò sì jìnnà sí i. Bí a bá yọ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ kúrò, ìjìn Ọ̀sà Èkó kò ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ.

Ní ti iyọ̀, ẹ tọ́ omi Ọ̀sà Èkó wò lóṣù Kẹta, yóò níyọ̀. Ẹ tún un tọ́ wò lóṣù Kẹsàn-án tí odò Ògùn ti kún dé, iyọ̀ náà á ti pòórá púpọ̀. Ewéko tó ń léfòó, tó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ lójò, máa ń kú nígbà tí iyọ̀ bá padà dé. Ọ̀sà Lẹ́kí sì rèé, tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn sí, tó jẹ́ pé inú Ọ̀sà Èkó ló ń gbà kó tó rí òkun. Omi rẹ̀ kì í níyọ̀. Ẹni tó bá gba òfin iyọ̀ gbọ́ yóò ní Lẹ́kí kì í ṣe ọ̀sà, Èkó sì ń di odò lójò, ó ń padà di ọ̀sà lẹ́ẹ̀rùn!

Ẹnu ni kí á wò. Ní 1885, àwọn Faransé gbẹ́ ẹnu kan sí òkun ní Kútọnu nítorí ìkún omi, iyọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Nokoué, ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ìlú náà, tí omi rẹ̀ ti ń gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá sí Èkó tẹ́lẹ̀. Ní Èkó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun ní 1908 kí yanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́. Yanrìn wá ń kó jọ sápá ìwọ̀-oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Victoria Island.

Ẹnu kan ṣoṣo ni Ọ̀sà Èkó ní. Bí odò bá kún lọ́jọ́ tí òkun náà kún, omi kò ní rí ibi sáré jáde, ilẹ̀ ni yóò sì gùn. Nítorí náà, bí mo bá dé orí ilẹ̀ oníbàárà, àmì ẹrẹ̀ tí omi oṣù Kẹwàá fi sára igi ni mo kọ́kọ́ máa ń wá, kí n tó ki ọ̀pá bọ omi.