Ohun Ààbò Eré Ìje Ọkọ̀: Ẹ Wo Lébẹ̀lì Kí Ẹ Tó Bèèrè Iye

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ọkọ̀ àti awakọ̀ wò kí wọ́n tó wọ pápá ìje. Àwọn tó ń tò síwájú mi kì í ṣe ẹni tí iléeṣẹ́ ńlá ń náwó lé lórí. Owó oṣù ni wọ́n fi ń ra táyà. Wọ́n á ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á wá sáré lópin ọ̀sẹ̀. Nínú wọn, ẹni tí mo máa ń dá padà jù kì í ṣe ẹni tí kò náwó rárá, bí kò ṣe ẹni tó náwó síbi tí kò yẹ. Ó rí ọjà tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sáré rà á, ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ló tó mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, tàbí pé òfin ìdíje tó fẹ́ bá wọn ṣe kò gba irú rẹ̀.

Nítorí náà, ìwé òfin ni ẹ ó kọ́kọ́ kà. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje tí kò ní in, ọ̀pọ̀ ló sì gbé tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá àmì SFI, ti FIA tàbí ti Snell ni wọ́n ń béèrè. SFI ni àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń gbé òdiwọ̀n ohun ààbò kalẹ̀, FIA ni àjọ tó ń darí eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, àṣíborí sì ni Snell gbájú mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó bá ọlọ́jà kankan sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Èyí tó ní àmì SFI 16.1 kì í ju ọdún 2 lọ kí wọ́n tó ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Bó bá ti lo ọdún kan lórí àtẹ, ìdajì ọjọ́ tí ẹ sanwó fún ti lọ kó tó kúrò nínú ọ̀rá. Ti FIA, tí òdiwọ̀n rẹ̀ ń jẹ́ 8853-2016, ọdún tí kò ní wúlò mọ́ ni wọ́n kọ sí i lára, ó sì sábà máa ń tó ọdún 5. Ẹ wá fi ọdún tó kù pín owó tí wọ́n pè. Bí ti FIA bá tiẹ̀ fi ìdajì wọ́n ju ti SFI lọ, owó tirẹ̀ lórí ọdún kan ló ṣì kéré jù, bí òfin yín bá ti gba méjèèjì.

Àwọn kan máa ń rò pé ọgbọ́n àtigbowó lásán ni ọjọ́ tí wọ́n ń kọ sí bẹ́líìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń jẹ okùn rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù hun. Polyester máa ń fara da oòrùn ju ìyẹn lọ, kì í sì í nà tó o bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Bí ọkọ̀ yín kò bá ní òrùlé, ẹ máa fi aṣọ bo bẹ́líìtì náà bí ẹ bá gbé e síta. Bí a bá sì dè é bí kò ṣe yẹ, owó tí a fi rà á ti ṣòfò. Okùn èjìká gbọ́dọ̀ ti èjìká lọ sẹ́yìn gbọọrọ, tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀, kó má ṣáà ju dígírì 20 lọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n fà á wálẹ̀ lọ dè mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn ìjókòó. Bí ìjàǹbá bá dé, ọ̀pá ẹ̀yìn awakọ̀ ni irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Okùn tó gba àárín itan náà, tí àwọn kan ń yọ dànù torí pé ó ń ni wọ́n lára, òun ni kì í jẹ́ kí ara yọ́ gba abẹ́ okùn ìbàdí.

Ẹ má ra bẹ́líìtì àlòkù. Ẹ má ra àṣíborí àlòkù. Ẹ ò lè mọ ohun tójú wọn ti rí.

Ti àṣíborí ni kí owó yín pọ̀ sí jù. Pete Snell, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àjọ Snell, kì í ṣe ìlúmọ̀ọ́ká awakọ̀ àgbáyé. Ìje ló ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá nígbà tó fi orí gbọgbẹ́ tó sì kú lọ́dún 1956, torí pé àṣíborí rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá àjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1957. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni òdiwọ̀n wọn ń yí: SA2015, SA2020, SA2025. Lẹ́tà SA yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́, torí M wà fún àwọn tó ń gun alùpùpù. Ohun tí wọ́n fi tẹ́ inú SA kì í tètè gbaná, wọ́n sì ti lù ú mọ́ irin tó dà bíi roll cage, ìyẹn páìpù irin tí wọ́n jó pọ̀ yí awakọ̀ ká, kí wọ́n tó fún un ní àmì. Wọn kì í ṣe ìyẹn fún M. Owó M máa ń wálẹ̀ jù, ẹni tó bá sì tìtorí ẹ̀ rà á máa padà ra àṣíborí lẹ́ẹ̀kejì.

Ibì kan wà tí ẹ ti lè rí ọjà ọ̀pọ̀ gidi. Bí òdiwọ̀n tuntun bá jáde, ọlọ́jà á fẹ́ kó èyí tó ṣáájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń gba òdiwọ̀n méjì tó kẹ́yìn, kódà lẹ́yìn tí tuntun bá dé. Bí SA2025 ti wà níta yìí, SA2020 tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí, tí wọ́n gé owó rẹ̀ wálẹ̀, kò burú fún ẹni tó fẹ́ sáré fún ọdún díẹ̀. Ẹni tó bá gbé SA2015 wá, bó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi carbon fiber, ìyẹn ohun líle tó fúyẹ́ tó sì wọ́n, tàn yín jẹ. Bí òun àti fiberglass bá jọ ní SA2020, ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ yege. Fífúyẹ́ lẹ ń sanwó lé.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n wò nìyí. Ẹ dé e, ẹ de okùn àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹnì kan wá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó yí i sọ́tùn-ún sósì. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín gbọ́dọ̀ bá a lọ. Bí àṣíborí bá yí tójú yín dúró, ó tóbi jù. Kí ẹni náà tún gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú látẹ̀yìn, kó tì í síwájú bí ẹni fẹ́ ṣí i; kò gbọ́dọ̀ bọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dé e jókòó fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ibi kékeré tó bá ń gún yín níwájú orí nínú ilé á ti di orí fífọ́ kẹ́ ẹ tó parí ìje. Fóòmù inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń ṣiṣẹ́: ó máa fọ́ mọ́ra láti gba agbára ìkọlù, kì í sì í padà sípò. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ti bá ìjàǹbá pàdé fi di ohun ọ̀ṣọ́ lásán, bí kò tilẹ̀ sí àpá lára rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ra àṣíborí, HANS ló kàn, ìyẹn ohun tí awakọ̀ ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n fi okùn so mọ́ àṣíborí kó lè di orí àti ọrùn mú, kó tó kan aṣọ olówó iyebíye. Jim Downing tó jẹ́ awakọ̀ àti àna rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Hubbard ti Michigan State University, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí Patrick Jacquemart, ọ̀rẹ́ Downing, kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́dún 1981. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan láìsí i, bẹ́líìtì á di ara mú, orí nìkan lá ṣì máa sáré lọ síwájú, ìpìlẹ̀ agbárí sì lè ṣẹ́. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi kọ̀ ọ́. Nígbà tí Dale Earnhardt, ìlúmọ̀ọ́ká awakọ̀ ìje ní Amẹ́ríkà, kú ní pápá ìje Daytona ní February 2001, irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì lo HANS. Kí ọdún náà tó parí, NASCAR, àjọ tó ṣètò ìje náà, ti sọ ohun tó ń di orí àti ọrùn mú di dandan.

HANS àlòkù kò burú, èmi náà máa ń gba àwọn tí owó ò tó nímọ̀ràn pé kí wọ́n wá a. Ẹ wò ó bóyá ó ti sán níbì kan, ẹ pààrọ̀ okùn rẹ̀ méjèèjì bó bá ti ń já fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé àmì SFI 38.1 tàbí FIA 8858 wà lára rẹ̀. Ẹ má fi dírílì lu àṣíborí fúnra yín láti fi ìdè rẹ̀ sí i. Láti SA2015 ni ihò ìdè náà ti ń bá àṣíborí wá látilé.

Ní ti aṣọ, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn SFI 3.2A lẹ máa wò. Èyí tó jẹ́ /1 fún yín ní ìṣẹ́jú-àáyá 3 kí iná tó jó awọ débi tó máa lé ròrò; /5 fún yín ní 10. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ yín, ẹ de gbogbo nǹkan, kí ẹnì kan máa ka aago nígbà tí ẹ bá ń tú bẹ́líìtì tí ẹ sì ń jáde. Bí ẹ bá ti gbọ́ iye tó kà, ẹ ò ní bi mí nípa /1 mọ́. Ẹ lè ra aṣọ àlòkù tó mọ́, tí kò ya, tí òróró kò bà, torí òróró ara aṣọ á gbaná kí aṣọ fúnra rẹ̀ tó gbà á. Aṣọ tí wọ́n ń pè ní Nomex, láti inú òwú rẹ̀ ló ti ń kọ iná. Àwọn aṣọ kan tí owó wọn kéré sí tirẹ̀, kẹ́míkà ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, bí ẹ bá sì ń fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, agbára yẹn á máa lọ. Ẹ má ra èyí tó fún mọ́ ara, torí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín aṣọ àti awọ wà lára ohun tó ń dí ooru lọ́wọ́. Ẹ má sì wọ pátá tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù sábẹ́ rẹ̀: ooru á yọ́ ọ mọ́ yín lára.

Agolo ìpaná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: irin ni kẹ́ ẹ fi dè é, kì í ṣe ike, kí ọwọ́ yín sì tó o láti orí ìjókòó. Fóòmù tí ẹ ó fi wé páìpù tó súnmọ́ orí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún un, tó ní SFI 45.1, fóòmù rírọ̀ tí wọ́n fi ń di ẹrù, bí pé kò sí níbẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí. Ẹlòmíì á ra aṣọ gidi, á wá fi sísọ́ọ̀sì gé lébẹ̀lì rẹ̀ dànù torí pé ó ń yún un lọ́rùn. Bí lébẹ̀lì bá ti lọ, kò sí bí mo ṣe lè mọ ohun tí aṣọ náà jẹ́, mi ò sì ní jẹ́ kó wọ pápá. Kò tiẹ̀ ní rí i tà fún awakọ̀ mìíràn. Kó wá nǹkan wé mọ́ ọrùn, kó fi lébẹ̀lì sílẹ̀.