Ẹ Ka Ọjọ́, Ẹ Má Ka Oṣù

Nínú ẹjọ́ tí àwọn obìnrin ń kó wá bá àwa nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ọ̀kan wà tí n kì í tíì gbọ́ tán kí n tó nawọ́ sí kàlẹ́ńdà ara ògiri: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo rí nǹkan oṣù mi lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan ṣoṣo." Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Bí obìnrin bá rí i ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, tí tirẹ̀ sì máa ń pé ọjọ́ 28, ọjọ́ 29 oṣù kẹta yẹn náà ni yóò tún rí i. Ẹlòmíràn wà tí tirẹ̀ ń pé ọjọ́ 36. Bó bá rí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta, ó di ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún. Gbogbo oṣù kẹrin kọjá lófo, jìnnìjìnnì ti bò ó, ìyá ọkọ ti ń wò ó lójú. Ara àwọn méjèèjì ò ṣe nǹkan kan. Kàlẹ́ńdà ló dà wọ́n láàmú.

Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ọjọ́ tó dá. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà títí di ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kà á bí àwọn àgbà ṣe ń ka ọrún ọjà, tí wọ́n ń ka ọjà òní mọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ọjọ́ kan yóò lé. Fún àgbàlagbà obìnrin, ohunkóhun láti ọjọ́ 24 sí 38 dára, kí ẹ̀jẹ̀ náà má sì kọjá ọjọ́ 8. Bó bá jẹ́ 27 lónìí, tó di 31 lẹ́yìn ìyẹn, tó tún padà sí 29, a ò lè pe ìyẹn ní ségesège. Ìgbà tí èyí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù bá fi ju ọjọ́ 7 sí 9 lọ síra wọn ni ọ̀rọ̀ tó ń di ìbéèrè. Ti ọjọ́ 28 tí gbogbo ayé ń pariwo yẹn, ìwọ̀n àárín lásán ni. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ìdí tó fi ń sún síwá sẹ́yìn kò ṣòro. Ọpọlọ ló ń fi họ́mọ̀nù ránṣẹ́ pé kí ẹyin kan gbó. Bí ẹyin yẹn ṣe ń gbó ni ara inú ilé ọmọ ń nípọn de oyún. Bí ẹyin bá ti jábọ́ tí oyún ò sì wá, nǹkan bí ọjọ́ 14 lẹ́yìn náà ni ara yẹn yóò wó dànù, òun là ń rí bí ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ 14 yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Apá àkọ́kọ́, nígbà tí ẹyin ṣì ń gbó, ni ìdádúró ti ń wá. Àìsàn tó le, ọ̀fọ̀, ìdánwò, rírù lójijì, iṣẹ́ òru, ọpọlọ lè torí èyíkéyìí nínú wọn dá ẹyin dúró fúngbà díẹ̀, nǹkan oṣù á sì pẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdààmú.

Ibí yìí náà ni àwọn tó ń wá ọmọ ti máa ń ṣi ọjọ́ kà. Wọ́n ti sọ fún wọn pé ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹyin ń jábọ́, wọ́n á wá dì í mú bí òfin. Ọjọ́ 14 yẹn, láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó ti kà á padà sẹ́yìn. Ẹni tí tirẹ̀ ń pé ọjọ́ 35, ẹyin rẹ̀ á jábọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún. Bí ọkọ bá ti Èkó wá ní ọjọ́ kẹrìnlá tó sì padà lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìṣirò yìí ṣe ìfètò sọ́mọ bíbí o, pàápàá ẹni tí tirẹ̀ kò dúró sójú kan.

Bí nǹkan oṣù bá pẹ́, ìtọ̀ la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò fún oyún, kódà bí ẹni náà bá búra pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé àgbo tàbí òògùn tí yóò "mú un wá" mì kí ẹ tó mọ̀. Abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú lè má rí i fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè lóyún kó tó tún rí i rárá.

Àwọn ọmọdébìnrin ńkọ́? Ní ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, tiwọn lè jẹ́ ọjọ́ 21, ó lè jẹ́ 45, torí ọpọlọ àti ibi tí ẹyin ń gbé ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má tìtorí ìyẹn fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọdún 13. Ṣùgbọ́n bó bá pé ọmọ ọdún 15 tí kò tíì rí i rí, tàbí tó rí i tó sì dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, ẹ mú un wá.

Àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò olóṣù mẹ́ta máa ń bèèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń kó jọ sí. Kò kó jọ síbì kankan. Abẹ́rẹ́ náà kò jẹ́ kí ara inú ilé ọmọ nípọn, kò sí ohun tí yóò wó dànù nìyẹn. Rọ́bà tí wọ́n ń fi sí apá lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa kán tó-tó-tó, òun náà kì í ṣe àrùn. Postinor, òògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa wọlé, ni tèmi ò fẹ́ràn bí àwọn ọmọge ṣe ń lò ó lemọ́lemọ́: pàjáwìrì ni wọ́n ṣe é fún, lílò léraléra á sì da òǹkà rú.

Ségesège gidi, èyí tó ń wá lẹ́yìn oṣù méjì, mẹ́ta, ni àwọn obìnrin máa ń mú mọ́ra. Bí irùngbọ̀n bá tún ń hù, tí irorẹ́ ò sì fi ojú sílẹ̀, a máa ń fura sí PCOS, ìyẹn àìsàn họ́mọ̀nù tí kì í jẹ́ kí ẹyin jábọ́ déédéé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ń bá obìnrin 10 sí 13 nínú 100 tó wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí jà, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀. Nígbà tí ẹyin kì í jábọ́ déédéé, ara inú ilé ọmọ á máa nípọn lọ láìwó, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Òògùn wà tó lè mú un wó lásìkò. Gẹ̀gẹ̀ náà lè fa ségesège, họ́mọ̀nù wàrà tó bá pọ̀ jù náà lè fà á. Ẹni tí ọmú rẹ̀ ń sun wàrà láìlọ́mọ lọ́wọ́, kó tètè sọ fún wa. Àwọn tó ń ta òògùn tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ, ẹ dákun, ẹ fi owó yín ra ẹyin adìyẹ jẹ. Ilé ọmọ ń fọ ara rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí àyè bá yọ. Bí páàdì bá ń kún lẹ́yìn wákàtí kan-kan, fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí òòyì sì ń kọ́ yín, pàjáwìrì ni. Fáíbírọ́ọ̀dì, ìyẹn kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ, wà lára ohun tó sábà máa ń wà nídìí ẹ̀jẹ̀ tó ń pọ̀ lóṣooṣù. Bí nǹkan oṣù kò bá wá, tí ìsàlẹ̀ ikùn sì ń dunni gidigidi lápá kan, oyún lè ti gúnlẹ̀ síta ilé ọmọ. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, a ní láti wo ẹnu ilé ọmọ.

Ó ku àwọn ìyá wa. Láàárín ọdún 45 sí 55 ló sábà máa ń dáwọ́ dúró, kó tó dúró, á máa ṣe bó ṣe wù ú, ooru á sì máa mú èèyàn lójijì lóru. Oyún ṣì lè wọlé ní gbogbo àsìkò yẹn. A kì í sọ pé ó ti dúró títí oṣù 12 gbáko yóò fi kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe nǹkan oṣù tó padà bọ̀, bí àwọn kan ṣe ń fi ṣàwàdà. Ó lè má jẹ́ nǹkan bàbàrà, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ tó ṣì ṣeé tọ́jú. Kódà bó jẹ́ ẹ̀kán kan péré, ẹ jẹ́ kí dókítà wò yín lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.