Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Dárí Ji Ẹni Tó Kọlu Ọkọ̀?

Ohun tó yẹ kí awakọ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ méjì bá gbá ara wọn kò ṣòro, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti mọ̀ ọ́n: kó dúró, kó wò ó bóyá ẹnikẹ́ni farapa, kó ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì àti ojú ọ̀nà, kó gba orúkọ ẹnì kejì, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ àti orúkọ ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù, tí àwọn èèyàn sì ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì bá ti sanwó tán.

Ká ní ọkọ̀ kan dúró jẹ́ẹ́ nídìí iná ìdarí ọkọ̀, òmíràn wá láti ẹ̀yìn, ó gbá a. Bọ́ńpà fọ́, iná ẹ̀yìn kan fọ́, kò sẹ́ni tó farapa. Bó bá jẹ́ inṣọ́ránsì third party nìkan ni ẹni tí wọ́n gbá ní, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní san nǹkan kan fún un. Ìpalára tàbí ìbàjẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá fà fún ẹlòmíràn ni irú inṣọ́ránsì yẹn wà fún. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ ọ́ di dandan, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà láti 1927, àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ òfin ìrìnnà 1930. Ẹni tí wọ́n kọlù ni òfin ń rò, kì í ṣe ẹni tó di ìdarí ọkọ̀ mú. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹni tó gbá a ló máa gbà lọ.

Ẹni tó ní comprehensive, ìyẹn inṣọ́ránsì tó ń san ti ọkọ̀ tirẹ̀ náà, ní ọ̀nà kejì. Ó lè lọ bá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n rán ẹni tó máa wá díwọ̀n ìbàjẹ́, kí wọ́n yọ excess, ìyẹn iye tí àdéhùn ti sọ pé onímọ́tò fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé, kí wọ́n sì san ìyókù. Ọkọ̀ á tètè délé. Àmọ́ ọ̀ràn kò tíì parí. Owó tí ilé-iṣẹ́ náà san yìí sọ ọ́ di arọ́pò onímọ́tò: ẹ̀tọ́ tí onímọ́tò ní láti gba owó ìbàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọlù ú ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, dé ìwọ̀n iye tí wọ́n san. Àwọn agbẹjọ́rò ń pè é ní subrogation.

Ó dà bíi gbèsè. Ẹnì kan jẹ àbúrò lówó, kò san án. Ẹ̀gbọ́n rí i pé àbúrò nílò owó, ó ní, “Gba iye yẹn lọ́wọ́ mi, èmi ni màá lọ bá ajigbèsè.” Àbúrò gba owó, ó ná an. Lọ́jọ́ kejì, ajigbèsè wá wólẹ̀ níwájú àbúrò, ó bẹ̀ ẹ́ títí, àbúrò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti fi gbèsè náà jì í. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé ọ̀dọ̀ ajigbèsè, ìwé ni wọ́n nà sí i. Ta ló wá jẹ ẹ̀gbọ́n lówó báyìí? Àbúrò tó fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ṣe ìtọrẹ ni. Bí ajigbèsè bá sì san owó náà fún àbúrò ní bòókẹ́lẹ́ ńkọ́? Àbúrò ti gbowó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1883, nínú ọ̀ràn Castellain àti Preston. Ilé kan tí wọ́n ti bá ẹnì kan dúnàádúrà jóná kí ọjà tó parí. Olùtà gba owó inṣọ́ránsì, ó tún gba gbogbo owó ilé lọ́wọ́ olùrà. Wọ́n ní kó dá ti inṣọ́ránsì padà, torí pé inṣọ́ránsì wà láti dí òfò, kì í ṣe láti mú èrè wá.

Èyí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “ọkọ̀ mi ni, ẹni tó bá wù mí ni mo lè fọwọ́ wọ́nú fún” rí ẹsẹ̀ dúró, ó sì ń dunni bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ tó. Awakọ̀ méjì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé pé “a ti parí ẹ̀, kò sí gbèsè kankan mọ́”, ẹni tí wọ́n gbá á gba owó díẹ̀, ọjọ́ kẹta ló máa wá gbé ọkọ̀ lọ bá ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé yẹn ti pa ẹ̀tọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ìbá fi gba owó rẹ̀ padà. Wọ́n lè kọ̀ láti san, wọ́n sì lè ní kó dá ohun tí wọ́n ti san padà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn fi sọ pé oníbàárà kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi tàbí parí ọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Kò túmọ̀ sí pé kéèyàn má kí ẹnì kejì pẹ̀lẹ́ o. Fọ́ọ̀mù tí àwọn awakọ̀ ń lò káàkiri Yúróòpù ṣe èyí dáadáa: àwọn méjèèjì á ya àwòrán bí ọkọ̀ ṣe dúró, wọ́n á sàmì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á fọwọ́ sí i, ó sì wà lára fọ́ọ̀mù náà pé kì í ṣe gbígba ẹ̀bi.

Ìpalára irú ìwé bẹ́ẹ̀ tún lè dé orí owó inṣọ́ránsì ọdọọdún. Ní Faransé, nọ́ńbà kan ni wọ́n fi ń sọ owó náà di púpọ̀ tàbí kékeré. Awakọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 1.00. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí kò bá jẹ̀bi ìjàm̀bá, wọ́n á fi 0.95 ṣe ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà náà, á sì máa dín kù títí yóò fi dé 0.50. Bó bá jẹ̀bi, 1.25 ni wọ́n á fi ṣe é, bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti àwọn méjèèjì, 1.125. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin wakọ̀ láìjẹ̀bi ti dé 0.80. Bọ́ńpà kan ṣoṣo tó bá fọ́ fún ẹlòmíràn á dá a padà sí 1.00. Ọdún mẹ́rin ti wọmi. Ètò yìí dára ní tèmi, nítorí ẹ̀bi nìkan ló ń wò. Ohun tí kò dára ni ètò àwọn ilẹ̀ míì, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹ̀dínwó ti rọ̀ mọ́ bóyá ilé-iṣẹ́ rí owó rẹ̀ gbà padà. Ẹni tí kò jẹ̀bi lè pàdánù ẹ̀dínwó rẹ̀ níbẹ̀ tí wọn kò bá rí owó náà gbà, ìwé ìdáríjì ẹ̀gbẹ́ títì sì ni ọ̀nà tó yá jù láti dé ibẹ̀.

Excess ńkọ́? Onímọ́tò ló san án, nítorí náà tirẹ̀ ṣì ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀. Kó ní kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá òun fi kún ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì, torí pé ọ̀pọ̀ kò ní ṣe é bí kò bá sọ.

Ìdáríjì ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ kó ṣáájú owó. Ẹni tí ìbàjẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kò tó excess lè tún un ṣe lápò ara rẹ̀, kó jẹ́ kí ẹnì kejì máa lọ. Síbẹ̀, kó sọ fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pé ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀, kó sì fi kún un pé òun kò béèrè owó. Àdéhùn sábà máa ń béèrè bẹ́ẹ̀, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ lónìí sì lè sọ lóṣù tó ń bọ̀ pé ọrùn ń dun òun àti pé ọkọ̀ iwájú ló sún sẹ́yìn.