Níbo lẹ fi tépù sí lára igi?

Igi ń fa èéfín ọkọ̀ Máíkírà àti ti jẹnẹrétọ̀ mọ́ra: gbogbo wa la ti gbọ́ èyí. Iye tó ń fà gan-an ló ṣòroó mọ̀. Kábọ́ọ̀nù, èròjà tí èéfín ń gbé wọ inú afẹ́fẹ́, ni igi ń mú, òun ló fi ń kọ́ ara, bí oúnjẹ ṣe ń di ẹran ara èèyàn. Bí a bá mọ bí igi ṣe wúwo tó láìsí omi lára rẹ̀, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ìdajì. A kò sì ní tìtorí ìyẹn gé e lulẹ̀ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìbú ìtì, gíga igi àti bí pákó rẹ̀ ṣe wúwo sí la fi ń ṣírò rẹ̀.

Ìbú ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí ojú rẹ̀ jọ ohun tó rọrùn. 1.3 m sókè ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ igbó fẹnu kò sí, níbi àyà àgbàlagbà. Ẹ má fi àyà ara yín díwọ̀n o. Ọ̀pá tẹ́ ẹ gé sí 1.3 m ni kẹ́ ẹ gbé ti ìdí igi. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀ bíi ti Òkè Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, apá òkè lẹ ó dúró sí. Ẹ fa ìtàkùn kúrò lábẹ́ tépù. Tépù télọ̀ kò ju 150 cm lọ, kò lè yí igi ńlá ká, ó sì máa ń fà. Ìyípo tẹ́ ẹ bá rí, ẹ fi 3.142 pín in, ìbú nìyẹn.

Àràbà àti arère ló ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Gbòǹgbò wọn ń yọ bí ìyẹ́ láti ìdí, ó sì lè ga ju èèyàn lọ. Ẹ gbé àkàbà, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n ní 50 cm sókè ibi tí ìyẹ́ náà parí sí, kẹ́ ẹ kọ gíga ibẹ̀ sílẹ̀.

Ká ní arère kan ga ní 25 m, tí ìyípo rẹ̀ lókè ìyẹ́ jẹ́ 188 cm. Ìṣírò tó jáde fún igi ilẹ̀ olóoru ní 2014 yóò fún wa ní nǹkan bíi 1,560 kg igi láìsí omi. Ẹni tó wé tépù mọ́ ìyẹ́ náà, tó rí 250 cm, yóò pè é ní nǹkan bíi 2,700 kg. Bí wọ́n bá ń fi iye yẹn ta kábọ́ọ̀nù fún iléeṣẹ́ tó ń sanwó fún èyí tí igi fà mọ́ra, afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n tà.

Ìrókò tó ga, tó sì tóbi bákan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,600 kg. Kò ya ẹni tó ti ru pákó méjèèjì rí lọ́jà pákó Bódìjà lẹ́nu, torí pákó ìrókò ló wúwo jù.

Ẹ fi ọ̀dà sàmì sójú ibi tẹ́ ẹ wọ̀n. Ìṣó tẹ́ ẹ máa fi nọ́ńbà kọ́, 30 cm sókè àmì náà ni kó wà, torí igi máa ń wú níbi tí ìṣó bá wọlé. (Láàárín ìgboro, ẹ má lo páànù tó ń dán, àwọn onírin àlòkù á já a lọ.) Ó di ọdún 5 kẹ́ ẹ tó padà wọ̀n ọ́n, torí ohun tí igi fi sanra lọ́dún kan lè má ju àṣìṣe tépù lọ.