Fíìmù Àròsọ Sáyẹ́ǹsì Pẹ̀lú Owó Táṣẹ́rẹ́: Ìbéèrè Àwọn Ọ̀dọ́ Ìkòròdú àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya fíìmù ti pọ̀ ní Ìkòròdú, láti Sábó dé Ìgbógbó, dé Ìjẹ̀dẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bi mí ni bí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ṣe lè ṣe fíìmù àròsọ sáyẹ́ǹsì, ìyẹn èyí tí ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí òṣùpá àti ìràwọ̀, ẹ̀rọ tó ń ronú tàbí ayé mìíràn wà nínú ẹ̀. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè ṣe irú fíìmù yìí láìní mílíọ̀nù rẹpẹtẹ?

Òótọ́ ni, ẹ̀rí sì wà. Lọ́dún 2004, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Shane Carruth gbé fíìmù Primer jáde. Dọ́là 7,000 péré ló ná an. Òun ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, ó ṣeré nínú ẹ̀, ó tò ó pọ̀, ó tún ṣe orin rẹ̀. Ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó ṣèèṣì ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn padà sẹ́yìn nínú àkókò ni. Ẹ̀rọ ọ̀hún, àpótí kan lásán ni. Fíìmù yẹn gba ẹ̀bùn ńlá àwọn adájọ́ ní Sundance, àjọ̀dún fíìmù kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún náà.

Lọ́dún 2013, James Ward Byrkit náà kó òṣèré mẹ́jọ jọ sínú ilé ara rẹ̀, ó fi òru márùn-ún ya Coherence. Ìràwọ̀ onírù kan ń kọjá lójú ọ̀run, iná lọ ní gbogbo àdúgbò, ilé kan ṣoṣo ló ṣì ń tàn lókèèrè. Nígbà tí wọ́n lọ yọjú níbẹ̀, ara wọn ni wọ́n bá nínú ilé náà. Òkùnkùn, iná kéékèèké tí wọ́n mú dání àti ojú àwọn òṣèré ló gbé gbogbo ẹ̀rù tó wà nínú fíìmù yẹn.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń jẹ owó jù. Ọjọ́ ló ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ kan tí ẹ bá fi kún ọjọ́ iṣẹ́, oúnjẹ èèyàn méjìlá ni, owó ọkọ̀ ni, epo jẹnẹrétọ̀ ni, owó tí ẹ fi yá káàmẹ́rà ni. Ìtàn tí kò kúrò níbi kan tàbí méjì, tí òṣèré rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, ti dín ìnáwó kù kí ẹnikẹ́ni tó gbé káàmẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé inú ìwé ìtàn la ti ń ṣọ́ owó ná, ká tó dé ibi tí a ti ń yà á.

Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí fíìmù oògùn àti idán tí a ti ń wò tipẹ́?

Níbi ọgbọ́n káàmẹ́rà, wọ́n sún mọ́ra gan-an. Kí òṣèré dúró, kí wọ́n dá káàmẹ́rà dúró, kó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n tún máa yà á lọ: ó ti pòórá nìyẹn. Georges Méliès, ará Faransé, fi ọgbọ́n yìí sọ àwọn ará òṣùpá di èéfín lọ́dún 1902. Àwọn onítíátà tiwa náà lò ó, ó sì dùn ún wò.

Òfin ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú fíìmù idán, agbára tuntun lè yọ nígbàkigbà tí ìtàn bá há. Nínú àròsọ sáyẹ́ǹsì, ohun kan ṣoṣo lẹ máa yí padà nínú ayé tí a mọ̀. Ohun náà ní òfin tirẹ̀, òfin yẹn kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ títí fíìmù á fi parí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkọ̀ ojú omi kan ń ná Ìpakodò sí Marina, ó sì máa ń gúnlẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú kó tó gbéra. Gbogbo nǹkan yòókù wà bó ṣe wà: tíkẹ́ẹ̀tì, jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ̀ kí omi má baà gbéni lọ, ìyá tó ń ta búrẹ́dì létí omi. Obìnrin kan gúnlẹ̀ sí Marina, ó pe nọ́ńbà ara rẹ̀, òun náà ló sì gbé e ní Ìpakodò. Kí ló máa sọ fún ara rẹ̀? Ṣé kó ní kó má wọ ọkọ̀ ọ̀hún? Bí kò bá wá wọ̀ ọ́, ta ló ń pè é yìí? Kò sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kankan nínú ìran yẹn. Obìnrin kan, fóònù kan àti omi ọ̀sà ni, síbẹ̀ ọkàn ẹni tó ń wò ó kò ní balẹ̀.

Níbo la ti máa rí ayé ọjọ́ iwájú ní Ìkòròdú?

Lọ́dún 1965, Jean-Luc Godard ya Alphaville, ìtàn ìlú kan nínú ayé mìíràn, láàárín Paris gan-an, níwájú àwọn ilé onígíláàsì tó jẹ́ tuntun nígbà náà. Kò kọ́ ìlú kankan fún un. Tiwa náà wà. Ẹ rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Odogunyan lálẹ́, kí ẹ wo ògiri gígùn, páìpù àti iná tó ń tàn lórí irin. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn létí ọ̀sà. Bí ẹ bá gbé káàmẹ́rà sílẹ̀ pẹ̀lẹbẹ, tó jẹ́ pé yanrìn àti ojú ọ̀run nìkan ló hàn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé Ìkòròdú ni. Bí ọyẹ́ bá sì mú, omi ọ̀sà àti ojú ọ̀run á papọ̀, a ò ní rí ààlà wọn mọ́. Àkókò yẹn ni kí ẹ sáré lọ sí Ebúté.

Ilé-iṣẹ́ mànàmáná Egbin, tí wọ́n kọ́ láti pèsè megawatt 1,320, máa ń wu gbogbo onífíìmù tó bá rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ káàmẹ́rà sí i láìgbàṣẹ. Ibi tí àwọn agbófinró ń ṣọ́ lójú méjèèjì ni. Dírónù náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ààbò orílẹ̀-èdè. Ní ti àdúgbò, ẹ lọ kí Baálẹ̀ kí ẹ tó kó ẹrù dé, kí àwọn àgbà mọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa lò.

Mo fi páálí ṣe ọkọ̀ òfuurufú, àmọ́ ohun ìṣeré ọmọdé ló jọ nínú fídíò. Kí ló fà á?

Bó ṣe ń rìn ló tú àṣírí rẹ̀. Bákan náà ni ìyára ohun ńlá àti ohun kékeré ṣe ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá ń já bọ́, àmọ́ ọ̀nà tí ohun kékeré máa já kò jìn. Bí ọkọ̀ gidi bá já láti òkè mítà 16, á lo bíi ìṣẹ́jú-àáyá 1.8 kó tó balẹ̀. Àwòṣe rẹ̀ tó kéré sí i ní ìlọ́po 16 máa já láti mítà 1, kò sì ní lò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ojú wa ti mọ èyí láti ìgbà tí a ti ń rí nǹkan tó ń já bọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ wa.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ ya àwòrán púpọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ wá fi hàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ìlọ́po tí àwòṣe fi kéré ló máa jáde. Fún 16, 4 ni. Àwòrán 24 ni fíìmù ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4, ó di 96. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ló lè ya 120, ìyẹn tó fún àwòṣe tó kéré ní ìlọ́po 25. Èyí tó lè ya 240 tó fún ìlọ́po 100. Omi kì í gba ìtànjẹ yìí. Ẹ̀kán omi inú bàsíà kò kéré ju ti inú ọ̀sà lọ, ojú á sì rí i. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yín já sórí yanrìn, kí ẹ fi ìyẹ̀fun láfún ṣe eruku rẹ̀.

Ẹ tún wo ara ọkọ̀ náà. Bí ara páálí bá ń dán lásán, kékeré ló máa jọ. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe, kí ẹ tọrọ bọ́ọ̀dù tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ pẹ̀lú ìdérí ìgò àti gígé páìpù ike, kí ẹ wá fi ọ̀dà eléérú kan ṣoṣo fín gbogbo rẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ fi àkísà tó ti mu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú ra etí àti ìsopọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ojú tó bá rí ìlà àti kókó kéékèèké púpọ̀ lára nǹkan á gbà pé nǹkan ọ̀hún tóbi.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ fi okùn tín-ín-rín so ọkọ̀ náà rọ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí káàmẹ́rà, kí òṣèré dúró lókèèrè létí omi. Nínú àwòrán, á dà bíi pé ọkọ̀ ńlá kan rọ̀ sórí ọ̀sà. Kìkì pé ọkọ̀ àti òṣèré gbọ́dọ̀ hàn kedere pa pọ̀. Káàmẹ́rà ńlá máa ń jẹ́ kí ọ̀kan ṣú. Fóònù kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ibi tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ kéré. Níbi iṣẹ́ yìí, fóònù sàn ju káàmẹ́rà olówó ńlá lọ, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ tó ń bínú pé fóònù nìkan lòun ní mọ̀ ọ́n. Oòrùn kan náà ló tàn sára ọkọ̀ àti òṣèré, kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà fẹ́ tún ṣe. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí káàmẹ́rà mì.

Aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń ta sẹ́yìn òṣèré ńkọ́?

Wọ́n ń lò ó kí kọ̀ǹpútà lè yọ àwọ̀ ewé náà kúrò, kó sì fi àwòrán ibòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó wúlò, àmọ́ mi ò ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí aṣọ bá rún, bí òjìji bá wà lórí rẹ̀, tàbí bí àwọ̀ ewé bá tàn sí ọrùn òṣèré, gbogbo ayé á mọ̀. Bí ẹ bá máa lò ó dandan, ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ tan iná sí i lọ́tọ̀, kí òṣèré sì jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó kéré tán.

Kí lẹ máa fi owó díẹ̀ tó bá wà ṣe?

Ohùn. Òǹwòran máa fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, àmọ́ bí ohùn kò bá já gaara, wọ́n á pa á ni. Ìkòròdú kì í sì í dákẹ́: jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà, lóúdspíkà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Ẹ ra máíkì kékeré tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ, ẹ so ó mọ́ fóònù kejì, kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú káàmẹ́rà kí ẹ lè rí ibi tí ẹ máa fi ohùn bá àwòrán mu. Ìran tó bá ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ẹ yà á láàárín aago kan sí mẹ́rin òru.

Ìró ọkọ̀ òfuurufú yín wà lọ́jà. Ẹ gba ohùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata sílẹ̀, kí ẹ sọ ìyára rẹ̀ di ìdajì lórí kọ̀ǹpútà. Ìgbọ̀nrìrì afẹ́fẹ́ ni ohùn. Bí ìyára bá di ìdajì, iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á di ìdajì, ohùn á sì rẹlẹ̀. Ẹ tún dín in kù ní ìdajì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rọ ata ti di ẹ́ńjìnnì tó lè gbé odidi àdúgbò. Òṣèré tó bá wọ akoto, ẹ ní kó sọ̀rọ̀ sínú garawa ọ̀dà tó ti gbẹ. Ní òde ọkọ̀, lókè lọ́hùn-ún tó kọjá afẹ́fẹ́ ayé, ẹ pa ohùn pátápátá: kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tó máa gbé e.

Kọ̀ǹpútà wa kò lágbára, iná kò sì dúró. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Blender, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn, ọ̀fẹ́ ni, òun náà sì ni Gints Zilbalodis, ará Latvia, fi ṣe Flow tó gba Oscar fíìmù eré àwòrán lọ́dún 2025. DaVinci Resolve náà ní èyí tí a kì í sanwó fún, ó dára láti fi to fíìmù pọ̀.

Ohun tó ń pa wá lára ni iná. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá jẹ́ àwòrán 240. Bí kọ̀ǹpútà bá lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí ogún nìyẹn. Bí ẹ bá ní kó kó gbogbo rẹ̀ jáde bíi fídíò kan ṣoṣo, tí iná wá lọ ní wákàtí kejìdínlógún, gbogbo iṣẹ́ lè dànù. Ẹ ní kó máa fi àwòrán kọ̀ọ̀kan pamọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iná bá lọ lórí àwòrán 216, orí 216 náà lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí nígbà tó bá dé.

Ikorodu Bois ti fi nǹkan inú ilé gbayì. Kí la lè rí kọ́ lára wọn?

Sùúrù wọn. Wọ́n á wo ìpolówó fíìmù ńlá kan, wọ́n á wá fi ohun tó wà nínú ilé ṣe é padà ní ìran kọ̀ọ̀kan, láìfo ìkankan. Lọ́dún 2020, Netflix fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ mú ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù tí ẹ fẹ́ràn, ẹ ṣe é padà bẹ́ẹ̀, ẹ máa mọ ibi tí káàmẹ́rà dúró sí àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìtàn tiyín.

Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kí fíìmù àkọ́kọ́ jẹ́?

Méje sí mẹ́wàá. Pumzi tí Wanuri Kahiu, ọmọ Kẹ́ńyà, ṣe lórí ayé tí omi ti tán kò pé ìdajì wákàtí, síbẹ̀ ó dé Sundance lọ́dún 2010. Bí ẹ bá ń gbèrò láti gbé tiyín lọ sí sinimá tàbí kí ẹ tà á, àjọ NFVCB gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó, kí wọ́n sọ ọjọ́ orí àwọn tó lè wò ó. Ẹ fi owó ìyẹn sínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀.