Bí GPS àfọwọ́mú ṣe ń mọ ibi téèyàn wà, tó sì ń rántí ọ̀nà téèyàn gbà

GPS tí wọ́n ń mú dání wọnú igbó yẹn, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o, ńṣe ló kàn ń tẹ́tí. Sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó lé ní ọgbọ̀n ló ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún, bíi 20,200 kìlómítà sókè, kálukú wọn ń kéde aago tó lù lọ́dọ̀ ẹ̀ àti ibi tó wà. Ẹ̀rọ á wo bó ṣe pẹ́ tó kí ìkéde kọ̀ọ̀kan tó dé, ìyẹn ló fi ń ṣírò ibi tóun wà. Ó kéré tán kó gbọ́ mẹ́rin, torí aago tinú ẹ̀rọ ọwọ́ ò péye tó tòkè, ìkẹrin ló ń bá a tún un ṣe, àbí kí la fẹ́ ṣe, aago tó bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà, ó ti fi 300 mítà ṣìnà nìyẹn. Kò nílò sim, kò nílò dátà.

Tó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti tàn án gbẹ̀yìn, kí wọ́n gbé e síta gbangba kó kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́, nígbà míì ó lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Abẹ́ igi tó ṣú àti ẹ̀gbẹ́ àpáta ò bá a lára mu, torí ìkéde yẹn á lọ gbá àpáta kó tó dé, ẹ̀rọ á wá rò pé ọ̀nà rẹ̀ jìn ju bó ṣe jìn lọ.

Ohun tó wúlò jù nínú ẹ̀ ni track. Béèyàn ṣe ń rìn, ó ń ju àmì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀, tó bá wá di àtibọ̀, èèyàn á kàn máa tẹ̀ lé ìlà yẹn padà ni. Waypoint ní tiẹ̀, ojú ibì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sàmì sí, àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn sàmì sí ni ibi tó páàkì mọ́tò sí. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ní kó mú òun lọ sí waypoint kan, tààrà bí ẹyẹ ṣe ń fò ló máa nawọ́ sí, odò lè wà láàárín, ọ̀gbun lè wà láàárín, kò kàn án. Ibẹ̀ ló ti ń dójú ti àwọn tí ò mọ̀. Èyí tí kò ní kọ́ńpáàsì nínú tún burú sí i, téèyàn bá dúró, kò mọ ibi téèyàn kọjú sí, àfi kéèyàn rìn díẹ̀.

Téèyàn bá jókòó jẹun, kó dá track dúró, torí àmì yẹn á máa ta síbí ta sọ́hùn-ún, á wá dà bíi pé ọmọdé fi bírò ya nǹkan síbẹ̀, á sì máa ka kìlómítà téèyàn ò rìn mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n ṣì lè gé e kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá kó fáìlì GPX ẹ̀, ìyẹn fáìlì tí track wà nínú ẹ̀, síbẹ̀.